Bí wọ́n bá gbé ọmọ dé lóru, kí ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti wá yẹ ilé wa wò, wọ́n sì ti gba ìwé ìgbéyàwó wa àti ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ìjọba. Wọ́n ní ìgbàkúgbà ni àwọn lè gbé ọmọ tó wà nínú ewu wá kó fi ọjọ́ díẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Kí ni ó yẹ kí n béèrè kí n tó gbà á wọlé? — Ìyá Ayọ̀

Ìdáhùn: Ẹ kú inú rere, Ìyá Ayọ̀. Ìwé tó sọ pé wọ́n fa ọmọ lé yín lọ́wọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà. Kí orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbé e wá wà níbẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀, nọ́ńbà tí yóò gbé lóru, ọjọ́ àti aago, kí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ náà sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá mú fọ́ọ̀mù dání, kó fi bírò kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e wá ńkọ́? Kó kọ orúkọ àgọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe wẹ́fíà lójú rẹ̀. Bí mọ̀lẹ́bí ọmọ bá ya dé láàárọ̀ pé ẹ jí i gbé, ìwé yìí ni ẹ ó nà sí wọn.

Ìwé ọjọ́ ìbí, káàdì àjẹsára, orúkọ iléèwé: ẹ béèrè wọn, ṣùgbọ́n ẹ má retí wọn. Ọmọ tí wọ́n yọ nínú ewu kì í dúró di ẹrù. Ẹ má sì dá ọmọ padà nítorí ìwé tí kò sí.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò lè dúró di àárọ̀. Oògùn wo ló ń lò? Ṣé SS ni, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde? Ṣé gìrì máa ń mú un? Oúnjẹ wo ni kò bá a lára mu? Ta ni kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà? Èyí tó kẹ́yìn yìí, ojú máa ń ti èèyàn láti bi í, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè gbé ewu wá sẹ́nu ọ̀nà yín.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti bá a ṣe ìṣekúṣe. Ìwẹ̀ ni ìyá máa ń kọ́kọ́ rò bí ọmọ bá dé tìdọ̀tí-tìdọ̀tí, omi gbígbóná àti ọṣẹ ti wà nílẹ̀. Bí ìfura bá wà, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ̀rí má baà nù. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru náà. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó.

Kí òṣìṣẹ́ náà tó lọ, ẹ jọ yẹ ara ọmọ wò lábẹ́ iná, láìbọ́ ọ síhòòhò lójú gbogbo ilé. “Ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́yìn apá òsì, ọ̀kan ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹni tó dá a sí i lára kò kàn yín láti sọ nínú ìwé.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí ọmọ bá ṣe wúwo sí ni wọ́n ṣe ń wọn oògùn ibà fún un. Hóró oògùn ibà artemether-lumefantrine (20/120 mg) kan ni ọmọ kílò 14 ń lò lẹ́ẹ̀kan bí àyẹ̀wò bá ti fi ibà hàn. Ti kílò 15 ń lo méjì. Bó bá jẹ́ ìkókó, ẹ má fi aṣọ tó bá káńfọ̀ gbé nínú àpótí wọ̀ ọ́. Ó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, kí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ẹ má dá fọwọ́ sí i. Ẹ bi wẹ́fíà ṣáájú ta ló máa fọwọ́ sí i. Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ì báà jẹ́ láti fi wá àdúrà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀.

Bí ilé bá sì ti kún, tàbí ara Ayọ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.