Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé "èèwọ̀" ni ká kọ sára pátákó ni, àbí "òfin"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa lápá Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Àwọn kan máa ń fi òru wá da pàǹtí sí ojú gọ́tà wa, a sì fẹ́ ri pátákó mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé "Ó jẹ́ èèwọ̀ láti da ilẹ̀ síbí." Nígbà tí mo kà á nípàdé, àwuyewuye bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kan ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ni èèwọ̀, pé kò bá pátákó ojú títì mu. Alhaji wa béèrè bóyá ohun táwọn ń pè ní háráámù náà ni. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká kúkú kọ "òfin", kó parí síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpàdé o, akọ̀wé wa. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílùú Ìbàdàn yìí, inú mi sì dùn pé ẹ kò kàn kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín sára pátákó.

Bí èèyàn bá pe nǹkan léèwọ̀ létí mi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Èèwọ̀ ta ni?" Torí èèwọ̀ kì í rìn láìní olúwa. Àdín lèèwọ̀ Èṣù. Ẹni tó ń bọ Èṣù kò ní gbé àdín dé ìdí rẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó ń fi àdín pa ọmọ lára nílé kejì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, aládùúgbò rẹ̀ sì lè máa dá ẹmu tirẹ̀ lọ láìsí ìjà. Ọlọ́ya kì í jẹ àgbò. Nílé ìbejì, wọn kì í jẹ ẹran edun. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú àlejò, tó ní, "Ẹ má bínú, èèwọ̀ ìdílé wa ni," ẹ ò ní bá a jà, ẹ ó kàn wá nǹkan mìíràn fún un. Kò sọ pé oúnjẹ yín burú. Ohun tó ń sọ fún yín ni ẹni tí òun í ṣe.

Ibi tí òfin ti yà sọ́tọ̀ nìyẹn. Òfin kì í béèrè ilé tí wọ́n bí ọ sí. Ẹni tó bá ti tẹ ojúlé ìlú, ó ti mú un, ìbáà jẹ́ àná ló dé. Àwọn tó ń da pàǹtí sí gọ́tà yín ńkọ́? Ẹ ò mọ ilé bàbá wọn, wọn ò sì mọ tiyín. Èèwọ̀ wo lẹ fẹ́ fi mú wọn?

Bàbá tó ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ni èèwọ̀ kò pa irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lójúbọ nìkan tipẹ́tipẹ́. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 10, ẹsẹ 28, níbi tí Pétérù ti ń sọ pé àwọn Júù kì í bá ará ilẹ̀ mìíràn kẹ́gbẹ́: èèwọ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Àlùkùránì sí Yorùbá náà lò ó, nínú súrà Al-Máídà níbi tí a ti ka ẹran òkú àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà torí ẹ̀sìn. Gbogbo wa la ni ín.

Ti Alhaji wa gba àlàyé díẹ̀. A lè fi èèwọ̀ túmọ̀ háráámù, ó sì bá a mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèwọ̀ ni háráámù. Ẹ wo àgbò. Àgbò yìí náà ni Mùsùlùmí ń pa lọ́jọ́ Iléyá, tó ń pín in fún ará àti ọ̀rẹ́, òun náà sì ni Ọlọ́ya ò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Háráámù kì í yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ohun tó jẹ́ háráámù fún Mùsùlùmí Ọjà'ba, háráámù náà ni fún Mùsùlùmí Kánò. Èèwọ̀ ìdílé lè má ré kọjá ògiri agbo ilé kan.

Ẹ tún fetí sí bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Òfin ní, "Kò gbọdọ̀." Ẹni tó ń pàṣẹ ní, "Má ṣe." Èèwọ̀ ní, "A kì í." A kì í súfèé lóru. A kì í jókòó sórí odó. Nígbà tí ìyá àgbà bá sọ ọ́ fún ọmọdé, kò dúró pa á láṣẹ, ohun tó ń sọ fún un ni pé àwa kọ́ là ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Odó tí a fi ń gún iyán, ta ló fẹ́ kí wọ́n fi ìdí kàn án? Wọn ò kúkú ṣàlàyé ìmọ́tótó fún wa nígbà náà, "a kì í" yẹn ti tó. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, ó sì ń dùn mí bí àwọn òbí òde òní ṣe ń sọ ọ́ nù, tó fi wá di "má ṣe é, màá nà ọ́" nìkan.

Àwa ará Ìbàdàn gan-an ò yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé lórí èèwọ̀ ni Ìbàdàn àkọ́kọ́, èyí tí Lágelú tẹ̀ dó, fi tú. Aṣọ tú lára egúngún lọ́jà, àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí wọn kì í rí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aláàfin, wọ́n sì pa ìlú run. Lágelú àti àwọn tó ṣẹ́ kù sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì wá ní ọmọ a jòro sùn, ọmọ a jẹ ìgbín yó. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ní kó san owó ìtanràn. Odidi ìlú ló forí fá a. Ẹni tó bá rú òfin máa ń sanwó, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ń wá ètùtù.

Ní ti "ìjọba ti ka nǹkan báyìí léèwọ̀" tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò, kò burú, ẹnìkan ló kà á mọ́ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, "ìjọba fòfin dè é" ni màá sọ.

Ó wá ku bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ó níbi tó ń kọ mí lóminú. "Jẹ́ èèwọ̀" àti "jẹ èèwọ̀" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ ní nǹkan náà ni èèwọ̀, ìkejì ní ẹnìkan ti jẹ ohun tí wọn kì í jẹ. Bí ẹni tó ń fi ọ̀dà kọ pátákó bá gbàgbé àmì kan péré, ọ̀rọ̀ ti yí. Bó bá wá kọ EWO lásán, "èwo" ni ẹni tó ń kọjá máa kà. "Da ilẹ̀" náà léwu, torí bó ṣe ń dún lẹ́nu, "dalẹ̀" ni, a sì mọ ohun tí wọ́n ń wí fún ọ̀dàlẹ̀. Ẹ lo pàǹtí. Kò sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ẹ kọ òfin ló jàre lórí pátákó yìí. Bí mo bá wà nípò yín, ohun tí màá kọ nìyí:

Ẹ MÁ DA PÀǸTÍ SÍBÍ. ÒFIN ÀDÚGBÒ NI. ẸNI TÓ BÁ RÚ U YÓÒ SAN OWÓ ÌTANRÀN.

Ẹ jẹ́ kí ìpàdé fẹnu kò lórí iye owó náà kí pátákó tó dúró. Ẹ ṣe é kíákíá kí òjò tó dé. Pàǹtí tó dí ojú odò wà lára ohun tó jẹ́ kí Ògùnpa ya wọ ilé àwọn èèyàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àwọn tó rí i ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

Èèwọ̀ yín kò ṣòfò o. Ẹ gbé e lọ sínú ilé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín àti àwọn ayálégbé yín pé, "Ládùúgbò tiwa, a kì í da pàǹtí sí gọ́tà." Àwọn ni ọ̀rọ̀ náà lè mú. Ní ti pátákó, ẹ fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì dúró ti ẹni tó ń kọ ọ́ títí yóò fi fi àmì tó kẹ́yìn sí i.