Lẹ́tà mi ń yọjú kí ìlà tó dé ibẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ dísáìnì ni mí níbí l'Óṣogbo. Wọ́n ní ká ṣe lẹ́tà tó ń rìn, mo wá mú "Òṣogbo Ìlú Aró", mo fẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ èèyàn ló ń kọ ọ́ lọ. Trim Paths, irinṣẹ́ tó ń fa ìlà jáde díẹ̀díẹ̀ nínú After Effects (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mú àwòrán rìn), ni mo lò, àmọ́ kí ìlà tó dé ibì kan, apá kan níbẹ̀ á ti yọjú, ti g ló burú jù. Àwọn àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà náà kàn ń hàn lójijì ni. Láptọ́ọ̀pù mi ò sì lágbára, iná tún ń lọ ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Àbúrò, má mikàn, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tójú ẹ̀ ò rí màbo lọ́wọ́ g.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Trim Paths, orí ìlà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìlà yẹn sì sábà máa ń nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ́tà tó o fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ní tiẹ̀ nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíì. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fa ìlà lásán gba àárín lẹ́tà kọjá, ká jẹ́ kó sanra tó láti bo ibi tó fẹ̀ jù lára lẹ́tà náà, ká wá fi ṣe matte fún un: ibi tí ìlà bá dé lèèyàn á rí, ibi tí kò tíì dé á ṣì fara pa mọ́. Ọgbọ́n àwọn aládìrẹ tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ tẹ láfún sáṣọ náà nìyẹn, ibi tí láfún bá bò, aró ò ní wọbẹ̀. Wàhálà tiwa ni pé ìlà tó sanra yẹn ò mọ ààlà, bó ṣe ń yí ikùn g lọ, á ti fara kan ìrù ẹ̀ tí kò tíì kàn, ìrù á sì yọjú.

Gígé ni oògùn ẹ̀. Gé g sí méjì, ikùn lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀, kí kálukú ní lẹ́yà (ìpele àwòrán) tiẹ̀ àti ìlà tiẹ̀. b náà méjì, igi àti ikùn. Jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn díẹ̀ níbi tó o ti gé wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá rí àlàfo tín-ín-rín láàárín, kó sì jẹ́ pé fírémù (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) tí èkíní parí sí gan-an ni èkejì ti máa bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni, mi ò ní tàn ẹ́.

Àmọ́ kó o tó gé ohunkóhun, padà sórí pépà ná. Kọ gbólóhùn yẹn ní àkọtúnkọ, kí ọ̀rẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò ọwọ́ ẹ, wàá rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti gbéra nílẹ̀, ibi tó ti sáré àti kọ́nà tó ti rọra. Ìrìn ọwọ́ yẹn lo máa gbé sínú keyframe, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí nǹkan gbọ́dọ̀ wà lásìkò kan. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n á da Easy Ease, tó ń jẹ́ kí ìrìn rọra bẹ̀rẹ̀ kó sì rọra dúró, bo gbogbo keyframe, lẹ́tà á wá máa lọ, á máa dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n ti gé e. Ibi tí ọwọ́ bá ti gbéra lórí pépà nìkan ni kó o fi í sí jàre.

Ní ti àmì, má fi í sílẹ̀ fún fọ́ǹtì, ọwọ́ ni kó o fi yà á. Òmíì nínú àwọn fọ́ǹtì yìí, tó o bá fi kọ Ọ̀ṣun, àmì dò á gun lẹ́tà lórí tàbí kó sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, Ọ̀ ò ní kóòdù ẹyọ kan tiẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń to àmì lé Ọ. Fún àmì kọ̀ọ̀kan ní fírémù mẹ́ta mẹ́rin, kó sì rìn: àmì dò á tòkè lápá òsì bọ̀ wá sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Àmì abẹ́ ṣ ní tiẹ̀, jẹ́ kí Scale ẹ̀ (bó ṣe tóbi tó) wú láti 0% dé 110%, kó wá padà sí 100%. Èmi máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan parí ná kí àwọn àmì ẹ̀ tó dé, àmọ́ tí fídíò ọwọ́ ẹ bá sọ nǹkan míì, òun ni kó o tẹ̀ lé.

24 fírémù ní sẹ́kọ́ǹdù kan ló dáa, kó o wá fi Posterize Time, tó ń dín iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní sẹ́kọ́ǹdù kan kù, sí 12, á jọ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Kí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láàárín sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta, kó dúró jẹ́ẹ́ fún méjì sí i, káwọn èèyàn ráyè kà á. Má sì to ère igbó Ọ̀ṣun sẹ́yìn ẹ̀ o, gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ yàwòrán Òṣogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù wá kù. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Half tàbí Quarter ni kó o máa fi wò ó, àwòrán ò ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ á fúyẹ́ fún láptọ́ọ̀pù. Tó o bá fẹ́ rẹ́ńdà (kí kọ̀ǹpútà kó iṣẹ́ náà jáde), má ṣe é ní fídíò tààrà, PNG sequence ni, fírémù kan fáìlì kan. Tí wọ́n bá mú iná, èyí tó ti jáde ò lọ síbì kankan, ibi tó dúró sí lo ti máa tẹ̀ síwájú, fídíò tó já láàárín kì í sábà ṣeé ṣí mọ́. Lẹ́yìn náà kó o wá kó wọn pọ̀ di MP4. Sá fún GIF tó bá ṣeé ṣe, 256 ni gbogbo àwọ̀ tí fírémù kan lè gbà níbẹ̀, aró tó ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ á wá di ìlà ìlà. Tí olùkọ́ ẹ bá ní dandan ni GIF, àwọ̀ aró kan ṣoṣo ni kó o lò láti òkè délẹ̀.