Títún ẹyinjú ṣe nínú fọ́tò láìsọ ọ́ di ojú ère

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ya fọ́tò. Mo ya àwọn màmá kan pẹ̀lú régbérégbé wọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Gèlè ṣíji bo ojú wọn, ẹyinjú wọn sì pọ́n. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kùn ún nínú Photoshop. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní ojú òun kọ́ nìyẹn. Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní hàn pé mo fọwọ́ kàn án?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni màmá sọ, búrọ́ọ̀ṣì funfun yẹn ló sì fà á. Funfun ojú èèyàn kò funfun tó bébà. Ẹyinjú rí roboto, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í bà á dọ́gba. Ìpéǹpéjú òkè máa ń ṣíji bò ó, igun méjèèjì a sì ṣú díẹ̀ ju àárín lọ. Tó o bá ti kun gbogbo rẹ̀ ní funfun kan náà, òjìji wọ̀nyẹn á pa rẹ́, ojú á wá tẹ́ pẹrẹsẹ.

Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ya ohun tó jẹ́ ti ọjọ́ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ẹni náà. Ojú tó pọ́n nítorí oòrùn, àìsùn tàbí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin, ti ọjọ́ náà ni. O lè dín in kù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa adúláwọ̀ ló ní àmì aláwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lára funfun ojú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì ní òrùka kan tó dà bí eérú, tó yí dúdú ojú wọn ká. Má ṣe pa ìwọ̀nyí rẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí fọ́tò àgbàlagbà tí wọ́n ti yọ òrùka yẹn kúrò, torí pé ojú tí àwọn ọmọ wọn mọ̀ kọ́ ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Tó bá sì jẹ́ pé yẹ́lò ni funfun ojú ẹnì kan nínú gbogbo fọ́tò tó o yà, lójú oòrùn àti nínú òjìji, rọra bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kó lọ rí dókítà. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ máa ń hàn bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ṣí layer (ìpele) òfìfo sórí fọ́tò, mú Healing Brush, búrọ́ọ̀ṣì tó ń fi àwọ̀ ìtòsí bo àbùkù, kó o sì fi Sample rẹ̀ sí Current & Below. Pa iṣan pupa méjì tàbí mẹ́ta tó tóbi jù rẹ́, fi àwọn tíntìntín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí Hue/Saturation gẹ́gẹ́ bí adjustment layer, yan Reds, fa Saturation (bí àwọ̀ ṣe kún tó) wálẹ̀ sí bíi -20 tàbí -30. Mask rẹ̀ ló ń sọ ibi tí àtúnṣe náà máa hàn: dúdú a bò ó, funfun a ṣí i. Tẹ Ctrl+I lórí mask náà kó di dúdú, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀ kun ibi funfun ojú nìkan lórí mask náà. Má jẹ́ kó kan ẹran pupa tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, má sì jẹ́ kó kan etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Bí pupa ibẹ̀ bá lọ, ojú òkú ló máa jọ. Tó o bá fẹ́ kí ojú mọ́lẹ̀ sí i, Curves ni kó o lò: gbé àárín ìlà náà sókè díẹ̀, fi mask bò ó bákan náà, kó o sì dín Opacity rẹ̀ (bó ṣe hàn tó) kù títí ẹni tí kò rí fọ́tò àkọ́kọ́ kò fi ní mọ̀ pé o ṣe ohunkóhun.

Dúdú ojú ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Wo ibi tí àmì ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ibi kékeré tó ń dán, wà nínú rẹ̀. Ká ní ojú aago ni: tí àmì náà bá wà níbi aago mẹ́wàá, ibi aago mẹ́rin ló yẹ kó o mú mọ́lẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó gba òkè wọlé máa ń tàn sí òdìkejì. Díẹ̀ ni o. Ojú tiwa dúdú. Tó o bá mú un mọ́lẹ̀ jù, á di àwọ̀ oyin, àwọn èèyàn á sì rò pé ẹni náà fi lẹ́ǹsì sójú. Fi ọmọ ojú tó wà láàárín sílẹ̀ bó ṣe dúdú. Má ṣe ya àmì ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tó wà nínú òjìji náà kò gbọdọ̀ mọ́lẹ̀ tó èkejì.

Tó o bá ti fa ẹyinjú súnmọ́ títí ó fi kún kọ̀ǹpútà, ó lè tàn ọ́ jẹ. Máa fà á sẹ́yìn kí gbogbo ojú àti gèlè lè hàn. Bí funfun ojú lo bá kọ́kọ́ rí kó o tó rí ẹ̀rín, o ti ṣe àṣejù. Wò ó lórí fóònù pẹ̀lú, torí orí WhatsApp ni àwọn màmá máa ti wò ó.

Ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yìí ló sì yẹ kó tán kó o tó tẹ kámẹ́rà. Lọ́sàn-án gangan, gèlè tàbí fìlà á da òjìji bo ojú. Mú wọn lọ sí etí kánópì kí wọ́n kọjú síta, kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Jẹ́ kí ẹnì kan na aṣọ funfun sísàlẹ̀ àyà wọn kó lè ta ìmọ́lẹ̀ sínú ojú, kí àwọn náà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Sá fún abẹ́ kánópì pupa tàbí búlúù: àwọ̀ rẹ̀ máa ń ta sára funfun ojú àti eyín, kì í sì í rọrùn láti yọ. Àwọn agẹṣin ò ní dúró dè ọ́ ní tiwọn. Fi fíláàṣì sórí kámẹ́rà, dín agbára rẹ̀ kù kó kàn lé òjìji abẹ́ fìlà lọ, má sì tàn án sójú ẹṣin láti ìtòsí.