Túbà Ńlá Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ afọnfèrè ìjọ wa. A ti dáwó jọ fún fèrè báàsì kan, fèrè idẹ ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi túbà. Oníṣòwò kan ní òun ní súsáfóònù (túbà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara) "jọ́ńbò", pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń fọn lójú ogun láyé àtijọ́, pé bí fèrè bá ṣe tóbi tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó, a ò sì ní nílò máíkì mọ́. Owó tó ń bèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti túbà. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ torí ohun tó sọ yìí ni, ẹ má rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi mí nírú ìbéèrè yìí lẹ́nu àìpẹ́. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹnì kan náà ló ń kiri ọjà yìí.

Ti ogun yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1835 ni Wilhelm Wieprecht àti Johann Gottfried Moritz gbàwé ẹ̀tọ́ lórí túbà nílùú Berlin. Orin àwọn ológun Prussia (apá kan Jámánì láyé ìgbà yẹn) ni iṣẹ́ Wieprecht, Moritz ló ń rọ fèrè. Báàsì idẹ tó dúró dáadáa ni wọ́n ń wá. Serpent ló ti wà ṣáájú, igi tó lọ́ bí ejò, tí wọ́n fi awọ wé, tí wọ́n ń fìka dí ihò ara rẹ̀. Túbà fi fáàfù rọ́pò ihò: ẹ tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á gba ọ̀nà tó gùn sí i. Orin tí sójà ń yan sí ni wọ́n rọ ọ́ fún, kò sẹ́ni tó fi lé ọ̀tá.

Súsáfóònù ńkọ́? John Philip Sousa, olùdarí ẹgbẹ́ afọnfèrè kan ní Amẹ́ríkà, ló ní kí wọ́n ṣe é. Helicon, túbà kan tó rí róbótó, ni wọ́n ń gbé kọ́ èjìká nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ sì ń yọ síwájú jù fún un. Ó fẹ́ kí báàsì gòkè, kó wá rọra bo gbogbo ẹgbẹ́. J. W. Pepper ní Philadelphia rọ ọ̀kan lọ́dún 1893, C. G. Conn rọ tirẹ̀ lọ́dún 1898. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ̀run gbàgà nígbà náà, débi pé wọ́n ń pè é ní agbòjò. Ibi tí ohùn máa kọrí sí ló ká Sousa lára. Ta ló sọ̀rọ̀ ariwo?

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ yín jẹ gan-an rèé. Páìpù trumpet, bí a bá tú u nà gbọọrọ, kò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Ti túbà B-flat (orúkọ ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn) tó mítà 5.5. Ti súsáfóònù B-flat? Mítà 5.5 náà ni! Ọ̀kan la ká sórí itan, èkejì la ká mọ́ ara. Gígùn páìpù ló ń sọ bí ohùn ṣe máa rẹlẹ̀ tó. Ìsàlẹ̀ ohùn yàtọ̀ sí ariwo, sà.

Wọ́n ti rọ òmìrán rí o. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe fún ìrìnàjò ẹgbẹ́ Sousa, ní nǹkan bí ọdún 1896 sí 1898, ga ju mítà méjì lọ, páìpù rẹ̀ sì gùn tó mítà 11.8. Ẹ bá mi ṣírò. Ohùn ìpìlẹ̀ túbà B-flat ń gbọ̀n ní ìgbà 29 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Páìpù tó gùn ní ìlọ́po méjì, ìdajì rẹ̀ ni, bíi 14. Etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó bá ti wà lábẹ́ 20. Ohùn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fà á gùn tó báyẹn, etí ò gbọ́ ọ! Àwọn ohùn òkè rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, túbà tiyín sì lè fọn wọ́n. Àwòyanu ni, kí èrò lè ya wá wò ó.

Ìjọ kan gbé súsáfóònù wá bá mi rí, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti kú, àwọn fẹ́ ra ńlá. Mo ti wáyà bọ inú páìpù rẹ̀. Ọ̀rá pure water ló jáde, ó ká mọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé. Ọjọ́ náà ló la ohùn.

Èémí àti ètè afọnfèrè ló ń mú ohùn rinlẹ̀, àti páìpù tí kò jò. 

Bí ẹ bá ń jókòó fọn ọ́n, ẹ ra túbà. Bí ẹ bá ń yan kiri àdúgbò, ẹ ra súsáfóònù, ṣùgbọ́n ti idẹ lè ju kílò 13 lọ. Ti fáíbà fúyẹ́ jù ú. N kò tíì fojú rí èyí tí wọ́n gbé wá, n ò lè dúró fún un. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa páìpù fáàfù àkọ́kọ́ jáde díẹ̀ láì tẹ fáàfù náà, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún "pọ́ọ̀", atẹ́gùn ò jò níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ gbé owó ìjọ padà sílé.