Kí ọmọ tó fi họ́kì yunifásítì sílẹ̀, ẹ wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa ní Calgary ní Kánádà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú òtútù. Mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹgbẹ́ kan ní NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù, mú ọmọ yín ní ìpele karùn-ún nínú draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ eléré mú, ó ń parí ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà báyìí, ẹgbẹ́ náà sì ti pè pé kó wá tọwọ́ bọ̀wé bí sáà bá ti parí. Ìyá rẹ̀ ní àfi kó kọ́kọ́ gba dìgírì. Ọmọ ní tiẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ wá ní kí ẹni tó ti rí irú ẹ̀ rí sọ fún yín, ìgbà wo gan-an ló yẹ kó máa gbá a fún owó.

Ọmọ tèmi gba ọ̀nà yìí kọjá. Minnesota la ń gbé, níbi tí ọmọdé ti ń wọ bàtà yìnyín kó tó mọ A, B, D. Ìpele kẹfà ni wọ́n ti mú un, ẹ̀yìn ló ń gbá. Ó lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ó gbá AHL, líìgì tó tẹ̀ lé NHL nísàlẹ̀, wọ́n rán an sísàlẹ̀ sí i lọ sí líìgì ECHL fúngbà díẹ̀, wọ́n tún pè é padà, nígbà tó yá ó kọjá sí Yúróòpù. Kò fẹsẹ̀ kan yìnyín NHL nínú eré tí wọ́n ń kà. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti di olówó ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí inú ń bí.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé bí ọmọ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó kọ́ ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Àga ni kí ẹ wò. Ta ló jókòó sórí àga tí ọmọ yín ń lọ bá, ọdún mélòó ló sì kù nínú ìwé àdéhùn onítọ̀hún?

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ wa, lẹ́yìn ọdún kejì bíi tiyín, bàbá wọn mú bébà. Ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lábẹ́ ẹgbẹ́ náà, láti NHL títí dé AHL. Ó kọ ọjọ́ orí wọn, ó kọ ẹni tó ń fọwọ́ òsì gbá a àti ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún, ó kọ ọdún tí ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa tán. Kò sí àṣírí kankan ńbẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni mẹ́fà ló máa ń gbá ẹ̀yìn nínú eré kan ní NHL, ẹni mẹ́fà náà ni ní AHL. A wá rí i pé tí ọmọ wa bá tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún yẹn, nínú AHL pàápàá kò ní sí láàárín àwọn mẹ́fà. Á máa wọ aṣọ kóòtù dípò aṣọ eré, á máa jókòó sókè wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì, òun ni kóòṣì ń pè nígbà tí wọ́n bá ń lé gólì, òun náà ni wọ́n ń pè nígbà tí ẹnìkan wọn bá ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ nínú àpótí. Ó dúró. Nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ta ẹnì kan, ìwé ẹlòmíì ti tán, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ó gbá eré púpọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Pé kò dé òkè lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá tó, mo lè sọ ọ́ báyìí láìsunkún.

Ẹ̀gbọ́n, ìkánjú tí ẹgbẹ́ ń kánjú, kàlẹ́ńdà tiwọn ni wọ́n ń wò. Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ NHL kan lè ní lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 50 lọ. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀ nínú 50 yẹn, tàbí tí àwọn èèyàn wọn ní AHL bá fara pa ní oṣù kẹta, fóònù yín á dún. Ẹ má sì rò pé kóòṣì yunifásítì ni kò ní tiẹ̀ nínú: ó fẹ́ kí ọmọ yín wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kí òun má baà wá ẹlòmíì. Aṣojú ọmọ náà, owó tiẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé àfi tí ọmọ bá tọwọ́ bọ̀wé. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa bá ọmọ yín jókòó ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò bá fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ ń tọwọ́ bọ̀ ní NHL ní gbèdéke. Fún àwọn tí wọ́n mú ní 2022 àti 2023, owó ọdún kan kò gbọdọ̀ ju 950,000 dọ́là lọ. Fún àwọn ti 2024 àti 2025, 975,000 ni. Ẹni ìpele karùn-ún lè má rí tó bẹ́ẹ̀ gan-an. Owó méjì ló sì wà nínú ìwé kan náà: iye tí wọ́n kọ síwájú yẹn, ọjọ́ tó bá wà ní NHL nìkan ni. Ọjọ́ tó bá wà ní AHL, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló ń gbà. Owó tó dáa ni fún ọmọ ogún ọdún, n kò fi ṣeré o. Àmọ́ kì í ṣe mílíọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn ti gbọ́ tó ti ń pè pé òrùlé ń jò.

Ọjọ́ orí náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ ọdún 18 sí 21 tó bá tọwọ́ bọ̀wé, ọdún mẹ́ta ni ìwé rẹ̀. Ẹni 22 tàbí 23, ọdún méjì. Ẹni 24, ọdún kan. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún tó tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí náà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó dúró pẹ́ díẹ̀ ní yunifásítì lè dé orí ìwé kejì, níbi tí gbèdéke yẹn kò ti sí mọ́, láì tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọgbọ́n míì tún wà tí ẹ lè fi dúnàádúrà. Fún ẹni tó ti pé ogún ọdún bíi Cale Makar, tó ń gbá ẹ̀yìn, eré NHL kan ṣoṣo ní ìparí sáà ti jẹ ọdún kan odindi nínú ìwé. Ní oṣù kẹrin 2019, ẹgbẹ́ rẹ̀, UMass (Yunifásítì Massachusetts), pàdánù àṣekágbá yunifásítì sọ́wọ́ Minnesota Duluth. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ti wà nínú aṣọ Colorado ní NHL, ó ń gbá ìdíje ìparí sáà (playoffs) pẹ̀lú ẹgbẹ́ Calgary yín, ó sì gbá gólì wọlé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn gba ọdún àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Ní 2021, ó ti ń tọwọ́ bọ ìwé ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là lọ́dún. Tí wọ́n bá ń bẹ ọmọ yín gan-an, ohun tí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè nìyí: ṣé á gbá eré NHL kí sáà yìí tó parí? Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n fi í sí.

Àwọn èèyàn á máa dárúkọ Macklin Celebrini fún yín. Ọdún kan péré ló lò ní Boston University, ó gba àmì ẹ̀yẹ Hobey Baker, ti ẹni tó dára jù nínú họ́kì yunifásítì, ní 2024, San Jose mú un ní ipò kìíní, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí àga ń dúró dè kọ́ là ń sọ. Owen Power náà, ipò kìíní ni Buffalo mú un ní 2021, síbẹ̀ ó padà sí Michigan lo ọdún kan sí i kó tó lọ. Zach Hyman ni mo fẹ́ kí ọmọ yín kà nípa rẹ̀. Ìpele karùn-ún ni Florida ti mú un ní 2010, bíi ti ọmọ yín. Ó lo ọdún mẹ́rin gbáko ní Michigan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdún ìkẹyìn nìkan ni gólì rẹ̀ ń pariwo. Florida kọ́ ló wá gbá fún, Toronto ni. Ní sáà 2023 sí 2024, ó gbá gólì 54 fún Edmonton.

Ẹni tó sún mọ́ wa jù nínú wọn ni Kyle Okposo. St. Paul níbí ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. New York Islanders mú un ní ipò keje ní 2006, ó wọ Yunifásítì Minnesota, ó sì kúrò ní oṣù kejìlá 2007, láàárín sáà ọdún kejì rẹ̀. Ariwo ta níbí! Garth Snow tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Islanders nígbà náà sọ fáwọn oníròyìn pé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ náà níbẹ̀ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Títí dòní àwọn kan ní Minneapolis ò tíì dárí jì wọ́n. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n gbé e lọ sí Bridgeport ní AHL, ó ń gbá a lójoojúmọ́ níbẹ̀, kí sáà náà sì tó parí ó ti dé NHL. Àga wà. Ó gbá ju ẹgbẹ̀rún eré lọ, ó gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, pẹ̀lú Florida ní 2024, ó sì fẹ̀yìn tì.

Ní ti pé ẹgbẹ́ lè bínú tí ẹ bá ní kó dúró: wọn ò lè mú un ní dandan. Ẹni tí wọ́n mú, tó parí ọdún mẹ́rin ní yunifásítì láì bá wọn tọwọ́ bọ̀wé, á dòmìnira ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, á lè bá ẹgbẹ́ tó wù ú sọ̀rọ̀. Bí Jimmy Vesey ti Harvard ṣe ṣe nìyẹn ní 2016. Nashville ló mú un, kò gbà. Wọ́n ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Buffalo, kò gbà. Ó dúró di oṣù kẹjọ, ó lọ sí Rangers. N kò ní kí ọmọ yín ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni ìpele karùn-ún kì í sábà lágbára láti fọwọ́ lalẹ̀ fún èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, òun ló sì fà á tí ohùn wọn fi ń dùn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Ohun méjì kan ti yí padà láti ìgbà tiwa. Láti oṣù kẹjọ 2025, àwọn tó gbá CHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, ti lè gbá họ́kì fún yunifásítì Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ má rò pé ipò ọmọ yín ń dúró dè é lọ́dún tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe fi sílẹ̀. Ẹ bi kóòṣì rẹ̀ ní tààrà àwọn tó ń mú bọ̀. Èkejì ni pé yunifásítì lè fúnra wọn sanwó fún eléré báyìí, láti oṣù keje 2025. Ó dáa, àmọ́ ọmọ Kánádà tó ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ kàn na ọwọ́ gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá lọ́yà físà, kì í ṣe lọ́yà eré ìdárayá.

Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹ má bá a jà. Ọmọ wa ku ọdún kan kó gba dìgírì nígbà tó lọ. Ó fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti íntánẹ́ẹ̀tì parí rẹ̀, sìkọ́láṣípù ti tán, owó ara rẹ̀ ló san. Ẹni tó bá ku ọdún kan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ku ọdún méjì, mo ti rí wọn nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: bọ́ọ̀sì AHL kò jẹ́ kí wọ́n kàwé, eré 72 ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ lọ́dún, ní yunifásítì ó lè má pé 40. Ọjọ́ Jimọ̀ àti Sátidé ni yunifásítì ń gbá a, ọjọ́ tó kù ni fún ìwé, ìdánrawò àti gbígbé irin. Ní ibi irin yẹn ni ọmọ tèmi ti di géńdé. Kò sí àyè fún un mọ́ lẹ́yìn tó lọ.

Tí orúkọ inú bébà bá wá fi hàn pé àyè wà, tí ẹ sì fẹ́ kó lọ, ẹ lè ní kí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, kó sì fi ìwé ìdánwò ránpẹ́ (tryout) parí sáà yìí pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní AHL. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ṣe é, ti yunifásítì ti parí nìyẹn, kò sí pípadà, nítorí náà kó má ṣe é láti fi wo bó ṣe máa rí.

Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó tún pè. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, bàbá wọn ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju wíwo ìròyìn lọ.