Àpá ò pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ ń wúwo sí i

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, tí ẹ ṣe kẹ́yìn kò fi àpá tuntun kankan hàn nínú ọpọlọ, dókítà sì ní MS yín (multiple sclerosis, àìsàn tó ń ba ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́) kò burú sí i, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ń wọ́ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí kan wá ní kí ẹ wá ya irú àwòrán kan tó ń tọpa ọ̀nà tí fọ́nrán iṣan, okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán, gbà nínú ọpọlọ, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ló máa sọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ náà. Tèmi ni pé kí ẹ lọ, bí agbára bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ torí ẹsẹ̀ yín. Kò dájú pé wọ́n máa fún yín lésì tí dókítà lè tìtorí rẹ̀ yí oògùn padà. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń bá àìsàn yìí yí, mo sì ti dùbúlẹ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Gbàrà tí èsì MRI bá dé, iye àpá ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń wá. Funfun tó ń hàn nínú àwòrán yẹn kò sọ ju pé omi ti pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sọ bóyá myelin, ìyẹn ọ̀rá tó bo fọ́nrán iṣan, nìkan ló ṣí kúrò lára rẹ̀, bóyá fọ́nrán gan-an ti já, tàbí bóyá myelin ti ń hù padà. Ọdún 1998 ni olùwádìí Bruce Trapp àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn kedere, nínú ẹran ọpọlọ àwọn tó ní MS, pé fọ́nrán iṣan máa ń já pátápátá nínú àwọn àpá wọ̀nyí.

Ibi tí àpá wà tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Nígbà tí àpá kún ọpọlọ tèmi, mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Èyí tó wá dá mi dúró kéré gan-an, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà, níbi ọrùn, MRI orí lásán kò sì débẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi dókítà ni ìgbà tí wọ́n ya ọrùn àti ẹ̀yìn kẹ́yìn. Bí ibẹ̀ náà bá mọ́, ẹ rántí pé MS lè máa ba nǹkan jẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí àpá tuntun, láìsí ìkọlù tuntun.

Àwòrán tí wọ́n ní kí ẹ wá yà yìí, diffusion MRI ni, DTI ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ìrìn omi ló ń wò. Omi inú ara kì í dúró sójú kan. Níbi tí nǹkan kan ò ti dí i lọ́wọ́, bí inú àwọn ihò olómi tó wà láàárín ọpọlọ, ibi gbogbo ló ń lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí fọ́nrán iṣan ti tò jọ bí ìdì ìgbálẹ̀, gígùn ìdì náà ló ń bá lọ, torí awọ fọ́nrán àti myelin ò jẹ́ kó ráyè gba ẹ̀gbẹ́. Peter Basser, James Mattiello àti Denis Le Bihan ló gbé ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1994. Nọ́ńbà tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni FA, láti 0 dé 1. Bó bá sún mọ́ 0, omi ń lọ síbi tó wù ú. Bó bá ga, ọ̀nà kan ló ń tọ̀. Nínú MS, FA máa ń wálẹ̀ nínú àpá, ó sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀ láwọn ibi tí MRI tá a mọ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan rárá. Ohun tó mú kí n gbà pé ìwádìí yìí tó í ṣe nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti sọ fún pé àwòrán wa dára nígbà tí ara wa ń sọ nǹkan míì.

Wọ́n lè tọpa ọ̀nà kan ṣoṣo. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún yín bẹ̀rẹ̀ lókè ọpọlọ lápá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ gba àárín, ó wá sọdá sí ọ̀tún níbi tí ọpọlọ ti fẹ́ di ọ̀pá ẹ̀yìn. Àpá kékeré kan lójú ọ̀nà yẹn lè ṣe èyí tí ogún níbòmíràn ò ní ṣe.

Wọ́n á fi àwòrán aláràbarà hàn yín, okùn pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Ó rẹwà, mo gbà. Àmọ́ ìhà tí omi ń rìn sí ni àwọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe bí iṣan ṣe lera tó, kọ̀ǹpútà ló sì fi ìṣirò fa okùn kọ̀ọ̀kan. Bí okùn kan bá dá lójú àpá, ó lè jẹ́ pé ìṣirò ló sọnù síbẹ̀, tí iṣan ò já. Níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé tí wọ́n sọdá ara wọn, FA máa ń kéré lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wá bàjẹ́, FA tún lè ga sókè. Ẹ ò rí wàhálà! Nọ́ńbà ẹ̀rọ kan kì í sì í bá ti òmíràn mu dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń fi wé ẹgbẹ́ àwọn tí ara wọn le, dípò kí wọ́n dájọ́ lórí ẹnì kan.

Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, bẹ́ẹ̀dì sì máa ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń ya apá yìí. Ẹ gba ohun ìdítí. Orí ò gbọ́dọ̀ mì, torí mímì díẹ̀ ti tó láti ba ìṣirò jẹ́. Bí ẹsẹ̀ yín bá máa ń fà le, ẹ ní kí wọ́n ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún yín, ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó tì yín wọlé. Àpò ìtọ̀ tiwa yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kódà bí kò bá ṣe yín bíi pé ẹ fẹ́ tọ̀. DTI fúnra rẹ̀ kò nílò abẹ́rẹ́ gadolinium, èyí tó ń mú kí àpá tuntun hàn dáadáa nínú MRI. Bí wọ́n bá ní àwọn máa fún yín, ẹ bi wọ́n nídìí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí kíndìnrín yín bá níṣòro.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bèèrè bóyá dókítà yín máa gbọ́ bí wọ́n bá ṣèèṣì rí ohun tí wọn ò wá, bóyá ẹ lè jáwọ́ nígbà tó bá wù yín, àti bóyá wọ́n máa tún yín yà lórí ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ iwájú. Lójú tèmi, ìkẹyìn yẹn ló ṣe kókó jù.

Ní ti ẹsẹ̀ ọ̀hún, ẹ má dúró de olùwádìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò ná, torí àrùn àpò ìtọ̀, ibà, tàbí ooru lásán lè mú kí ẹsẹ̀ wúwo láìsí àpá tuntun. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n wọn ìrìn yín. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn fi rin ẹsẹ̀ bàtà 25. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí iye náà bá ti lọ sókè gidi, dókítà á ní nǹkan tó lè dì mú lọ́wọ́, yàtọ̀ sí pé ẹ sọ pé ó ń wúwo.