Hable, coma, siéntese: bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pàṣẹ lédè Sípéènì

Ìbéèrè yín ni pé kí ló dé tí hablar, ìyẹn «sísọ̀rọ̀», fi ń di hable bí a bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tí comer, ìyẹn «jíjẹun», sì ń di coma, bí ẹni pé wọ́n gba ìparí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá parí sí -ar, e ló máa gbà. Èyí tó bá parí sí -er tàbí -ir, a ló máa gbà. Àmọ́ ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara hablar tàbí comer fúnra wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Bí yo, ìyẹn «èmi», ṣe ń lò ó ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: tengo, hago, digo, cierro, pido. Ẹ gé o ìparí kúrò, kí ẹ wá fi fáwẹ̀lì tó yẹ sí i: tenga, haga, diga, cierre, pida. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti tener á kọ tena, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti cerrar á kọ cerre, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ò sí. Nínú àwọn tí à ń fi pàṣẹ, márùn-ún péré ni yo wọn kò parí sí o. Ẹ há wọn sórí: sea, vaya, dé, esté àti sepa, láti ara ser (jíjẹ́), ir (lílọ), dar (fífúnni), estar (wíwà) àti saber (mímọ̀).

Bó bá ju ẹnì kan lọ, ẹ fi n kún un: tengan, cierren. «Ẹ» tiwa kó àgbà kan àti èrò púpọ̀ pọ̀, tiwọn yà wọ́n sọ́tọ̀. Buscar àti pagar á di busque àti pague, kí ìró wọn má bàa yí lẹ́nu. Empezar á di empiece, torí wọn kì í sábà kọ z ṣíwájú e.

Ibi tó ti ń dojú rú ni me («mi»), se («ara ẹni») àti lo («un», ohun tí à ń sọ). Bí ẹ bá ní kó ṣe é, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe: dígame («ẹ sọ fún mi»), siéntese («ẹ jókòó»), démelo («ẹ fún mi ní i»). Bí ẹ bá ní kó má ṣe é, wọ́n á bọ́ síwájú, wọ́n á sì dá dúró: no me diga, no se siente, no me lo dé. Àmì orí i nínú dígame kì í ṣe àmì ohùn òkè bíi tiwa o. Sílébù tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ jù ló ń tọ́ka sí. Bí me bá ti lẹ̀ mọ́ diga, di á bọ́ sípò kẹta láti ẹ̀yìn, àmì sì di dandan. Ìdí nìyẹn tí deme kò fi ní àmì, tí démelo fi ní.

Ẹ ṣọ́ra fún siento. Òun ni yo sentarse, jíjókòó, òun náà sì ni yo sentirse, bí ara ṣe rí. Siéntese ni «ẹ jókòó». Siéntase como en su casa ni ẹ máa sọ fún àlejò pé kó fọkàn balẹ̀ bí ẹni wà nílé ara rẹ̀.

Por favor, ìyẹn «jọ̀wọ́», kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Bí ẹ bá sọ siéntate, por favor fún ìyá àgbà, bíi «jọ̀wọ́ jókòó» ló máa dún: ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ò sí. Lóòótọ́, ní Kúbà àti Sípéènì, tú, ìyẹn «ìwọ», wọ́pọ̀ láàárín àgbàlagbà. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, mọ̀lẹ́bí pàápàá a máa fi usted, ìyẹn «ẹ̀yin» ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ tibi tí ẹ wà, usted ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Nílé oúnjẹ, tráigame la cuenta («ẹ mú ìwé owó oúnjẹ wá fún mi») tọ̀nà, àmọ́ ó le díẹ̀ létí. Ìbéèrè ni mo fara mọ́ jù: ¿me trae la cuenta, por favor? Ẹ rí i pé kì í ṣe àṣẹ mọ́, nítorí náà trae ni, kì í ṣe traiga, me sì wà níwájú.